Dáil kẹtàlélọ́gbọ̀n: ìbò kan ṣoṣo, Taoiseach mẹ́ta

Ní April 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Drogheda ní Írẹ́lándì pè mí lórí WhatsApp, ohùn wọn le díẹ̀, wọ́n ní "Àbúrò mi, àwọn èèyàn yìí mà tún ti pààrọ̀ olórí ìjọba, ìbò ìgbà wo ni wọ́n dì tí mi ò gbọ́?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, kò síbò kankan o, ìbò 2020 yẹn náà ni wọ́n ṣì ń jẹ lórí ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Ó dáa, jókòó kó o ṣàlàyé ẹ̀ fún mi." Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, mo sì ti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn kún un, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Írẹ́lándì, títí kan àwọn tó ti gba páàsì ibẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ò yé, wọ́n á gbọ́ nípa Dáil báyìí báyìí lórí rédíò, wọ́n á kàn jẹ́ kó gba etí kejì jáde.

Dáil, tí wọ́n ń pè bí ẹni pé "dọ́ìlì", èdè Irish ni, àpéjọ ló túmọ̀ sí. Orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Dáil Éireann, àpéjọ ilẹ̀ Írẹ́lándì, òun ni ilé aṣòfin tí ará ìlú fi ìbò ara wọn yan àwọn tó wà níbẹ̀, Leinster House ní Dublin ni wọ́n ti ń jókòó. Ilé kejì tún wà tí wọ́n ń pè ní Seanad, èèyàn 60 ló wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò ní dé ọ̀dọ̀ tiwọn lónìí.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé orúkọ ilé yẹn náà ni wọ́n fi ń pe sáà. Tí wọ́n bá ti dìbò gbogbogbò, gbogbo àwọn tó wọlé nínú ìbò yẹn àti gbogbo àsìkò tí wọ́n bá fi wà níbẹ̀ di Dáil kan, á sì ní nọ́ńbà tiẹ̀. Wọ́n ń kà á bọ̀ láti 21 January 1919, ọjọ́ táwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Sinn Féin tó wọlé nínú ìbò 1918 kọ̀ láti lọ jókòó sí páálímẹ́ǹtì ní London, wọ́n kóra jọ sí Mansion House ní Dublin, wọ́n ní àwọn ni aṣòfin ilẹ̀ àwọn. Ìyẹn ni Dáil àkọ́kọ́. Ó jọ bí wọ́n ṣe ń ka ti Abuja, tí wọ́n ń sọ pé Assembly kẹsàn-án, Assembly kẹwàá, àmọ́ ti Nàìjíríà ọdún mẹ́rin gbáko ni, ti Írẹ́lándì ò ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀, òfin kàn ní kò gbọ́dọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ ni, Taoiseach, ìyẹn olórí ìjọba, sì lè lọ bá ààrẹ pé kó tú ilé ká kí ọdún ọ̀hún tó pé.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè nípa ẹ̀ ni Dáil kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ìbò 8 February 2020 ló bí i, 20 February ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó, 8 November 2024 ni wọ́n tú u ká. Èèyàn 160 ló wà níbẹ̀, láti àgbègbè ìdìbò 39, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní TD, Teachta Dála, ẹni tí wọ́n rán lọ sí àpéjọ. Tẹ́ ẹ bá ń gbé níbẹ̀, ẹ ó ti rí orúkọ wọn lára ọ́fíìsì kan ládùúgbò yín. Wọ́n máa ń jókòó de ará ìlú, clinic ni wọ́n ń pe ìjókòó yẹn, èèyàn á gbé ọ̀rọ̀ ilé ìjọba tàbí medical card tàbí ìwé ìgbélùú tó ti pẹ́ jù lọ bá wọn, tòun ti lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sí i láti ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà há sí, TD yẹn á sì bá a kọ̀wé béèrè. Àgbègbè kan kì í ní TD kan ṣoṣo, mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí náà tí ọ̀kan ò bá dáhùn ẹ lọ bá èkejì, ẹ̀tọ́ yín ni.

Bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Wọn kì í tẹ̀ka o, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ, 1 síwájú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́kàn yín, 3, 4, títí dé ibi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ká ní ìbò tó dára ní àgbègbè kan jẹ́ 40,000, wọ́n sì fẹ́ mú èèyàn 4, wọ́n á fi 1 kún 4 yẹn kó di 5, wọ́n á pín 40,000 sọ́nà 5, 8,000 nìyẹn, wọ́n á fi 1 lé e, ẹni tó bá ti ní 8,001 ti wọlé. Tí tiẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, èyí tó lé á ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí àwọn tó dìbò fún un kọ 2 sí. Tí kò bá sí èyí tí wọ́n lè ṣí lọ mọ́, ẹni tó kéré jù á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á pín ìwé tiẹ̀ náà fún àwọn tó kù, wọ́n á tún kà, wọ́n á tún pín, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó ṣe tán. Níbi tí wọ́n ti ń kà á, ẹ ó rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n fara ti irin tí wọ́n fi pààlà, bírò lọ́wọ́, ìwé lórí pátákó kékeré, bí òṣìṣẹ́ ìbò ṣe ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì làwọn náà ń fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó ní 1, kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti máa ń mọ ibi tí ayò fẹ́ sẹ́ sí.

Ní 2020 yẹn, Fianna Fáil mú 38, Sinn Féin 37, Fine Gael 35, Green Party 12, Labour 6, Social Democrats 6, Solidarity àti People Before Profit 5, ìyókù jẹ́ ẹgbẹ́ kéékèèké àtàwọn tó dá dúró, àwọn tó dá dúró yìí pọ̀ o, àwọn 19. Ẹ wo Sinn Féin dáadáa, èèyàn 42 péré ni wọ́n fà kalẹ̀, 37 wọlé, àwọn sì ni wọ́n kọ nọ́ńbà 1 fún jù lórílẹ̀-èdè náà, bíi ìdá 24.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èmi gbà pé ká ní wọ́n fa èèyàn sí i kalẹ̀ ni, àwọn ni wọn ì bá ṣíwájú. Wọn ò rò pé àwọn máa rí ìbò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú 38 Fianna Fáil yẹn, ọ̀kan wà tí kò du ìbò rárá, Seán Ó Fearghaíl, òun ni Ceann Comhairle. Ceann ni orí, comhairle ni ìgbìmọ̀, sípíkà la máa ń pè é níbi tiwa. Ó ti wà lórí àga yẹn láti 2016, òfin ìpìlẹ̀ Írẹ́lándì sì sọ pé Ceann Comhairle tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ilé ká máa padà wọlé láìdu ìbò, tó bá ṣì wù ú. Òfin yẹn mọ́gbọ́n dání lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ dájọ́ láàárín ẹgbẹ́ gbogbo ò gbọ́dọ̀ tún máa kiri ilé ẹ̀gbẹ́ kan láti tọrọ ìbò. Àmọ́ kó tó jókòó sórí àga nínú Dáil tuntun, àwọn TD gbọ́dọ̀ tún un yàn, ìbò ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ń fi yàn án, wọ́n yan Ó Fearghaíl padà ní 20 February. Agogo kan wà lọ́wọ́ Ceann Comhairle tó máa ń lù tí ariwo bá ti ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í dìbò, àfi tí ìhà méjèèjì bá dọ́gba. Igbákejì ẹ̀ láti July 2020 ni Catherine Connolly láti Galway, obìnrin àkọ́kọ́ nípò yẹn, òun náà ló di ààrẹ Írẹ́lándì ní 11 November 2025.

Ọ̀rọ̀ Taoiseach wá kù, "tíṣọ̀kì" lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, olórí ìjọba. Ará ìlú ò dìbò yàn án rárá. Àwọn TD ló ń yàn án láàárín ara wọn, ààrẹ á sì fi ìwé àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ẹ yọ Ceann Comhairle kúrò nínú 160, ó ku 159, ẹni tó bá fẹ́ rí ohun gbogbo gbé sọ́dọ̀ ara ẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ ní 80. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an, wọ́n dárúkọ èèyàn mẹ́rin: Mary Lou McDonald ti Sinn Féin rí ìbò 45, Micheál Martin ti Fianna Fáil 41, Leo Varadkar ti Fine Gael 36, Eamon Ryan ti Green 12. Gbogbo wọn ló já. Varadkar tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ òfin ní kó ṣì máa bá iṣẹ́ lọ títí wọ́n á fi rí ẹlòmíì, ibẹ̀ ló wà tí Kòrónà fi dé bá gbogbo ayé.

Ó gbà wọ́n tó oṣù mẹ́rin. Fianna Fáil àti Fine Gael, àwọn tí gbòǹgbò ìjà wọn ti wà látìgbà ogun abẹ́lé 1922, tí wọn ò tíì jọ dá ìjọba sílẹ̀ rí, wá jókòó pọ̀, wọ́n mú Green mọ́ra. Ẹ ka ìṣirò náà, ẹ yọ Ceann Comhairle kúrò nínú 38 Fianna Fáil: 37, 35 àti 12, ó jẹ́ 84. Àdéhùn wọn ni pé ti Fianna Fáil á kọ́kọ́ ṣe Taoiseach, ti Fine Gael á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá di ìparí 2022. Ní 27 June 2020 wọ́n yan Micheál Martin, 93 fara mọ́ ọn, 63 kọ̀, torí àwọn kan tó dá dúró bá wọn dìbò. Wọn ò lè jókòó sí Leinster House lọ́jọ́ yẹn, àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n lè há síbẹ̀, Convention Centre létí odò Liffey ni wọ́n lọ, wọ́n jìnnà síra wọn. Mary Lou McDonald di olórí alátakò.

Nígbà tó di 17 December 2022, Martin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yan Varadkar pẹ̀lú 87 sí 62. Ní March 2024, Varadkar ní òun ò ṣe mọ́, ní 9 April wọ́n yan Simon Harris pẹ̀lú 88 sí 69, ọmọ ọdún 37 ni, kò sí Taoiseach tó kéré tó o lọ́jọ́ orí rí. Ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí. Taoiseach mẹ́ta, Dáil kan ṣoṣo. Varadkar ò sì kúrò nílé o, ipò ló fi sílẹ̀, ó ṣì ń jẹ́ TD títí wọ́n fi tú ká.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí ní ìbéèrè tó dára gan-an: "Ṣebí wọ́n ní Tánaiste ni igbákejì, kí ló dé tí kì í ṣe òun ló gba ipò?" Láyé àtijọ́, tánaiste ni ẹni tí ìdílé olóyè ní Írẹ́lándì máa ń yàn sílẹ̀ pé òun ló máa jẹ lẹ́yìn olóyè, nígbà tí olóyè ṣì wà láàyè, ohun tí àwọn afọbajẹ níbi tiwa ò ní dá láṣà. Orúkọ yẹn ṣì wà, àmọ́ agbára ìjogún yẹn ti lọ. Tánaiste òde òní á kàn dúró fún Taoiseach tí kò bá sí nílé tàbí tó bá kú. Ní 2024, Martin ni Tánaiste, ìgbà Fine Gael ló sì wà lójú àdéhùn, olórí tuntun tí Fine Gael yàn fún ara wọn ló bọ́ síbẹ̀.

Iye tó ń jókòó náà kì í dúró sójú kan. Eoghan Murphy fi ipò TD sílẹ̀ ní Dublin Bay South ní 2021, wọ́n ṣe ìbò àtúndì ní 8 July, Ivana Bacik ti Labour wọlé. Ní 2024 àwọn TD bíi Aodhán Ó Ríordáin, Kathleen Funchion àti Michael McNamara lọ sí páálímẹ́ǹtì Yúróòpù, àga wọn ṣófo títí ìbò gbogbogbò fi dé.

Ìbò yẹn, 29 November 2024, ló bí Dáil kẹrìnlélọ́gbọ̀n, èèyàn 174 ló sì wà nínú tiẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ní TD kan ò gbọ́dọ̀ ṣojú fún èèyàn tó ju 30,000 lọ, ìkànìyàn 2022 sì fi hàn pé wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. 160 lọ́nà 30,000, mílíọ̀nù 4.8 péré ni. Dandan ni kí wọ́n fi kún un, àwa tá a ṣí wá síbẹ̀ náà sì wà lára àwọn tí wọ́n kà. Verona Murphy di Ceann Comhairle, obìnrin àkọ́kọ́, iṣẹ́ ẹ̀ sì le láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ní 22 January 2025 ariwo lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rí Taoiseach yàn, àfi ọjọ́ kejì, 95 sí 76, Micheál Martin tún ni.

Ta ló lè dìbò yan TD? Ọmọ Írẹ́lándì àti ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó tó ń gbé níbẹ̀. Ìbò káńsílọ̀ nìkan ni gbogbo ẹni tó ń gbé ládùúgbò lè dì, kó má ní páàsì ibẹ̀ náà, ó sì lè du ipò. Ọ̀nà káńsílọ̀ yìí ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, gbà di mayor Portlaoise ní 2007, ọ̀nà yẹn náà ni Yemi Adenuga gbà wọ káńsù Meath ní 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọmọ onílùú báyìí, wọ́n kọ nọ́ńbà títí dé 7 ní November yẹn. Wọ́n ti tún bi mí nípa November 2027, torí àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni pé Martin á sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn, ti Fine Gael á gbà á. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní síbò kankan, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ yín lọ, Dáil kẹrìnlélọ́gbọ̀n náà ṣì ni.