Ìdènà ìsanwó báńkì ayédèrú ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìdènà ìsanwó báńkì ayédèrú ni àkójọ ọ̀nà tí àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà rí i dájú pé owó tí oníbàárà ní òun ti fi ránṣẹ́ ti wọ àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́ kí ọjà tó gbéra. Díẹ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, díẹ̀ jẹ́ ìlànà tí òǹtajà là sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyókù sì wà lọ́wọ́ báńkì àti ìjọba. Orí ohun kan náà ni gbogbo wọn dúró lé: ohun tí ẹni tó ń sanwó bá fi hàn kì í ṣe ẹ̀rí, ohun tí àkáǹtì tó gba owó bá sọ ni ẹ̀rí.

Bí àlàfo náà ṣe wáyé

Bí ènìyàn bá fi káàdì sanwó, ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló ń béèrè owó lọ́wọ́ báńkì oníbàárà nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìsanwó, èsì sì ń padà wá bá a lójú ẹsẹ̀. Fífi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì kò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á kúrò lójú òpó ṣọ́ọ̀bù, á wọ ápù báńkì tirẹ̀, á fi owó ránṣẹ́, á sì padà wá sọ pé òun ti san án. Ṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀ nígbà tí owó ń gbéra. Àlàfo yìí ni oníjìbìtì ń bá wọlé.

Nígbà tí irú ìsanwó bẹ́ẹ̀ ṣì ń gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń retí kí ọjà gbéra lọ́gán, àyè sì wà fún òǹtajà láti yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò. Àwọn ètò ìsanwó ojú ẹsẹ̀ ló yí èyí padà: Faster Payments nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (2008), NIP ti NIBSS ní Nàìjíríà (2011), UPI ní Íńdíà (2016), SEPA Instant ní Yúróòpù (2017), Pix ní Bràsíl (2020) àti FedNow ní Amẹ́ríkà (2023). Láti ìgbà náà ni oníbàárà ti ń retí pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á ti dá òun lóhùn, ìkánjú yìí gan-an ni oníjìbìtì sì ń lò. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kì í sábà jẹyọ: ìyára kan náà ló ń gba àwáwí lẹ́nu oníjìbìtì. Lábẹ́ SEPA Instant, ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ni wọ́n fún owó láti dé. Bí ìdajì wákàtí bá ti kọjá tí owó kò tíì wọlé, ó ṣòro láti di gbogbo rẹ̀ ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdádúró gidi máa ń wáyé.

Ọ̀nà tí jìbìtì náà ń gbà wá

Àwòrán rìsíìtì ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan ń tún rìsíìtì àtijọ́ ṣe. Àwọn mìíràn ń lo ápù tí wọ́n dìídì ṣe fún un, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti tẹ orúkọ, iye owó àti déètì sí i, á gbé rìsíìtì jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti àmì báńkì. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún òǹtajà ló dá lórí wíwo àwòrán yìí fínnífínní: lẹ́tà tí kò dọ́gba, déètì tí kò bá àkókò mu, orúkọ báńkì tí wọ́n ṣì kọ. Ó ń tú iṣẹ́ jákujàku fó, àmọ́ ọ̀nà tí kò lágbára ni, nítorí pé rìsíìtì gidi pàápàá kò sọ ju pé ẹnì kan ti pàṣẹ kí owó lọ. A lè pàṣẹ ìsanwó fún ọ̀la, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì fagi lé e kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Thailand, rìsíìtì tí ápù báńkì ń gbé jáde ní kóòdù QR kékeré kan tí ẹni tó ń gba owó lè fi fóònù yẹ̀ wò. Èyí kò sí lára wíwo àwòrán mọ́. Báńkì ni kóòdù náà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú tó ń gba orí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ètò àtẹ̀jíṣẹ́ gba ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láyè láti lo orúkọ dípò nọ́ḿbà, tí orúkọ náà kò bá ti ju lẹ́tà 11 lọ. Níbi tí kò bá sí ìforúkọsílẹ̀, oníjìbìtì lè lo orúkọ báńkì, fóònù òǹtajà á sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ti báńkì gidi lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Singapore ti ń kọ "Likely-SCAM" sórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí orúkọ tó gbé e wá kò bá sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Ímeèlì náà wà lára rẹ̀, pàápàá èyí tó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti gba owó, ṣùgbọ́n pé wọn kò ní tú u sílẹ̀ àfi tí òǹtajà bá kọ́kọ́ fi ọjà ránṣẹ́. Nínú òwò láàárín orílẹ̀-èdè, ẹ̀dà MT103, ìwé àṣẹ ìsanwó ti Swift (ètò tí àwọn báńkì àgbáyé fi ń ránṣẹ́ síra wọn), ni wọ́n sábà máa ń fi hàn. Ìsanwó Swift gidi ní nọ́ḿbà kan tí wọ́n ń pè ní UETR, tó ní àmì 36, tí báńkì lè fi tọpa rẹ̀; ìwé tí wọ́n kàn tẹ̀ jáde kò lè kọjá ìbéèrè yìí.

Oríṣi kan tún wà tó ń jẹ lápá méjèèjì. Oníbàárà á fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn pé òun ti ṣèèṣì san ju iye tó yẹ lọ, á wá bẹ òǹtajà pé kó dá ṣẹ́ńjì padà. Ọjà lọ, owó òǹtajà gan-an sì tẹ̀ lé e.

Bíbéèrè lọ́wọ́ àkáǹtì

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí òǹtajà ṣí ápù báńkì rẹ̀, kí ó wo inú àkọsílẹ̀ àkáǹtì, kí ó sì rí owó náà níbẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ó tó fún ẹni tó ń ta ọjà mẹ́ta lóòjọ́. Bí ọjà bá ti ń pọ̀, ìṣòro mìíràn á yọjú: owó ti wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Bí ènìyàn méjì bá san iye kan náà láàárín wákàtí kan, tí ẹnì kẹta kò san nǹkan kan ṣùgbọ́n tó ní òun san án, wíwo àkáǹtì nìkan kò lè yanjú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi yanjú èyí ni nọ́ḿbà ìtọ́kasí tí oníbàárà ní láti kọ sínú ìsanwó rẹ̀. Ìlànà ISO 11649 ṣètò irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀: lẹ́tà RF ló fi ń bẹ̀rẹ̀, díjíìtì ìyẹ̀wò méjì tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju àmì 25 lọ. Orí pípín sí 97 ni ìṣirò díjíìtì ìyẹ̀wò náà dá lé, gẹ́gẹ́ bí ti nọ́ḿbà àkáǹtì IBAN. Ó ń mú àṣìtẹ̀, kì í mú olè. Àìlera rẹ̀ tó tóbi jù ni pé àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé láti kọ ọ́.

Àkáǹtì àfòyemọ̀ (virtual account) ló mú ìgbàgbé yẹn kúrò. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó á ṣẹ̀dá nọ́ḿbà àkáǹtì kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan tàbí fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo nọ́ḿbà náà ń da owó sí, ṣùgbọ́n owó tó bá gba nọ́ḿbà yìí wọlé kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Wọ́n lè fún un ní àkókò tí yóò fi kú, wọ́n sì lè ṣètò rẹ̀ kí ó dá owó tí kò pé padà. Kóòdù QR tí Pix ń ṣe fún ọjà kọ̀ọ̀kan ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí pé iye owó àti nọ́ḿbà ìtọ́kasí ti so mọ́ ọn. Pẹ̀lú irú ètò yìí, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti fi rìsíìtì ránṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí owó bá wọlé, ilé-iṣẹ́ ìsanwó á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí sáfà ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé òpó rẹ̀ dúró. Webhook ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é. Ìtọ́jú tó yẹ kí wọ́n fún un kì í sábà tó, nítorí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú wà láàárín ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì tí ìròyìn náà ń lọ lè kọ irú rẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́. Sáfà tí kò bá béèrè ẹni tó fi í ránṣẹ́ á tú ọjà sílẹ̀. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó àti ṣọ́ọ̀bù jọ ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan. Ilé-iṣẹ́ náà á fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe ìṣirò lórí ọ̀rọ̀ tó ń fi ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù á tún ìṣirò kan náà ṣe, bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, wọ́n á da ìròyìn náà nù. HMAC ni orúkọ ìṣirò yìí, ìwé RFC 2104 ti ọdún 1997 ló sì ṣàlàyé rẹ̀. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó, Paystack ń lo oríṣi ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-512 fún un, Stripe ń lo SHA-256, ó sì ń fi àkókò kún un kí ẹnikẹ́ni má baà tún ìròyìn àtijọ́ gbé wá; ohun èlò tí Stripe ń fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń kọ ìròyìn tó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, àfi tí wọ́n bá yí i padà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé kí sáfà kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kó tún un tò, kó tó ṣe ìṣirò. Àlàfo kan ṣoṣo láàárín ọ̀rọ̀ tó bá yí padà ti tó láti mú kí òǹtẹ̀ gidi dà bí ayédèrú.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ ṣọ́ra á tún fi nọ́ḿbà ìtọ́kasí padà béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìsanwó, á sì wo ohun mẹ́rin: ṣé nọ́ḿbà náà bá ọjà mu, ṣé ìsanwó ti yọrí àbí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́, ṣé iye náà pé, ṣé irú owó tí wọ́n ń retí ni. Iye owó ló ń fa wàhálà jù. Bó bá jẹ́ browser oníbàárà (ètò tó fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì) ló ń sọ iye tí wọn yóò san, oníbàárà lè yí i padà sí owó táṣẹ́rẹ́, ìsanwó á yọrí lóòótọ́, ọjà ńlá á sì lọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan tún máa ń kà á sí pé owó ti wọlé bí ojú ìwé "ẹ ṣeun" bá ti ṣí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè tẹ àdírẹ́sì ojú ìwé náà fúnra rẹ̀. Nọ́ḿbà ìtọ́kasí kan kò sì gbọdọ̀ tú ju ọjà kan lọ sílẹ̀. Àkójọ dátà ló yẹ kó fi òfin de èyí, kí ó má jẹ́ ìrántí òṣìṣẹ́.

Ìfiwéra àkọsílẹ̀ owó

Iṣẹ́ tí kò gbajúmọ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni ìfiwéra àkọsílẹ̀ owó ní ìparí ọjọ́, bóyá òun ló sì ń mú jìbìtì jù. Ṣọ́ọ̀bù á gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì láti báńkì, èyí tó sábà máa ń wá ní ìrísí fáìlì tí wọ́n ń pè ní MT940 tàbí camt.053, á sì fi wé àwọn ọjà tí wọ́n kọ "ti sanwó" sí lára. Ìdì mẹ́ta ni yóò jáde: èyí tó bára mu, owó tí kò ní ọjà, àti ọjà tí kò ní owó. Ìdì kejì jẹ́ ti oníbàárà tó ṣi nọ́ḿbà kọ. Ìdì kẹta ni jìbìtì ń gbé, pẹ̀lú àṣìṣe ètò kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́ tó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ṣe ìfiwéra lẹ́ẹ̀kan lóṣù á rí olè náà lẹ́yìn tó ti wá nígbà púpọ̀.

Ìlànà láàárín òṣìṣẹ́

Àwọn ìlànà tí ṣọ́ọ̀bù ń lò jọra wọn níbi púpọ̀. Ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kọ́ ni ń tú ọjà sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ lè wo àkáǹtì láìlè fọwọ́ kan owó inú rẹ̀, kí wọ́n má baà máa dúró de fóònù ọ̀gá. Owó tó bá lé kì í padà sí àkáǹtì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó ti wá, kì í sì í padà kí ó tó hàn nínú àkọsílẹ̀. Ọjà tí kò ṣeé gbà padà, bíi káàdì ìpè tàbí kóòdù eré, ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ọgbọ́n kan tí oníjìbìtì sábà ń lò ni kí ó rán ẹni tó ń gbé ẹrù wá sẹ́nu ọ̀nà kí owó tó dé, kí ìdúró ẹni náà lè máa kán òǹtajà lójú.

Báńkì àti òfin

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2020 (àwọn báńkì ńlá ló kọ́kọ́ kàn), àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná yúrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, báńkì ní láti sọ fún ẹni tó ń sanwó bóyá orúkọ tó kọ bá àkáǹtì tó ń sanwó sí mu. Ẹni tó ń sanwó ni èyí ń dáàbò bò. Ohun tó ń ṣe fún òǹtajà kò pọ̀. Òfin tó de jìbìtì wà káàkiri, bíi òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà.

Owó gidi tí kì í ṣe ti ẹni tó san án

Gbogbo ìyẹ̀wò tó wà lókè lè yọrí kí òǹtajà sì tún pàdánù, bí owó náà bá jáde láti inú àkáǹtì tí wọ́n jí. Owó wọlé, òǹtẹ̀ pé, àkọsílẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n ẹni tó ni àkáǹtì á lọ fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀. Ní Bràsíl, ètò ìdápadà Pix tí wọ́n ń pè ní MED, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, fún un ní ọjọ́ 80 láti béèrè, báńkì sì lè ti owó pa nínú àkáǹtì tó gbà á. Ohun tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń ṣe sí èyí ni pé wọ́n ń fi orúkọ tó wà lórí ìsanwó wé orúkọ ẹni tó ra ọjà. Ìyàtọ̀ orúkọ kò túmọ̀ sí jìbìtì, nítorí ọkọ ń sanwó fún aya, òṣìṣẹ́ ń sanwó fún ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, dípò kí wọ́n kọ owó náà, ọ̀pọ̀ ń dá ọjà olówó ńlá dúró fún ọjọ́ kan sí méjì, tàbí kí wọ́n ní kí ẹni tó ra ọjà wá fi ìwé ìdánimọ̀ gbà á.