Bí A Ṣe Ń Wọn Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò Àtijọ́: Ṣé A Fojú Kéré Dick Tiger?

Kí ẹnikẹ́ni tó wí pé a fojú kéré akànṣẹ́ kan tó ti gba ìgbànú àgbáyé rí, ohun méjì ló yẹ kí ó gbé sórí òṣùwọ̀n: iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe nínú agbo ìjà, àti ipò tí ẹnu aráyé fi í sí lẹ́yìn tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ipò lọ, a fojú kéré rẹ̀ ni. Bí ipò bá ga ju iṣẹ́ lọ, àpọ́njù ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń dojú rú, ní Àjàṣẹ́ bí i ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin wa níhìn-ín, ni pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ìjà, ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ òkìkí, olúkúlùkù sì rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ń sọ.

Dick Tiger yẹ fún àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtòsí wa ló ti ja ọ̀kan nínú àwọn ìjà rẹ̀ tó lókìkí jù. Ọmọ Igbo ni, Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an, a sì bí i ní 1929. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1963, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, ó na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà débi pé Fullmer kò jáde fún abala kẹjọ. Orí ìjà yìí ni àwọn olólùfẹ́ Tiger ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ló sì yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Òǹkà ni ojú kọ́kọ́ máa ń bá. Nínú ìjà 82, Tiger borí nínú 60, wọ́n borí rẹ̀ nínú 19, 3 sì parí sí ọ̀mì. Lójú ẹni tó ti mọ́ lára láti máa gbọ́ nípa akànṣẹ́ òde òní tí ẹnikẹ́ni kò borí rẹ̀ rí, 19 pọ̀. Ṣùgbọ́n àkókò tí ìpàdánù wáyé ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé Liverpool ní 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pàdánù. Owó ìkọ́ṣẹ́ ni irú ìyẹn. Ẹnì kan péré ló lù ú dákú: Bob Foster, ní 1968, ní abala kẹrin, nígbà tí Tiger ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 39, tí Foster sì fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 15 ga jù ú lọ.

Ohun tó wúwo jù ni irú ẹni tí akànṣẹ́ nà, àti bí agbára ẹni náà ti tó lọ́jọ́ tó nà án. Fullmer yìí kan náà ti gba ìgbànú lọ́wọ́ Sugar Ray Robinson, ọ̀kan nínú àwọn akànṣẹ́ tó lókìkí jù, ní 1957, ṣùgbọ́n ìjà Ìbàdàn ni ìkẹyìn tó jà. Nítorí náà, ìjà San Francisco ní 1962, nígbà tí ìgbànú ṣì wà lọ́wọ́ Fullmer tí Tiger sì gbà á, wúwo ju èyí tí àwa ará ìhín fi ń yangàn lọ. (Ó dun ni láti sọ, àmọ́ òṣùwọ̀n kò mọ ará ilé.) Ní oṣù kejìlá 1966, ó gba ìgbànú ìwọ̀n kílò 79 (ìyẹn, ìpele àwọn akànṣẹ́ tí ara wọn wúwo dé bíi kílò 79) lọ́wọ́ Jose Torres. Ìwọ̀n kílò 72 ló ti wá. Kò sì sí ìwọ̀n kankan láàárín méjèèjì nígbà náà. Ọmọ ọdún 37 ni. Ní 1969, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 40, ó tún na Nino Benvenuti, ẹni tí ìgbànú ìwọ̀n kílò 72 wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò torí ìgbànú jà. Ìborí yìí kì í hàn nínú òǹkà ìgbànú, síbẹ̀ ó wà lára ẹ̀rí tó lágbára jù.

Ìgbànú pàápàá kì í níye lórí bákan náà láti ìgbà dé ìgbà. Lónìí, àjọ ẹ̀ṣẹ́ mẹ́rin, WBA, WBC, IBF àti WBO, ló ń fún akànṣẹ́ ní ìgbànú, ìpele ìwọ̀n ara sì tó 17 ó kéré tán, tí ìgbànú tó lé ní 60 fi lè wà níta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà ayé Tiger, IBF àti WBO kò tíì sí, ìwọ̀n ara kò pọ̀ tó báyìí, abala 15 sì ni ìjà ìgbànú, kì í ṣe 12. Ní Kétu, ẹni tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wò kì í tẹjú mọ́ igi tó wà lórí nìkan. Ẹsẹ̀ ló ń wò, bóyá irin tó ń dún níbẹ̀ bá ohun tí ìlù ń wí mu. Bí igi orí ni ìgbànú rí.

A tún gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ tí akànṣẹ́ kò rí jà. Lẹ́yìn tí Joey Giardello gba ìgbànú lọ́wọ́ Tiger ní oṣù kejìlá 1963, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ó tó gbà fún un láti tún jà. Tiger sì gbà á padà ní oṣù kẹwàá 1965. Ìdájọ́ tí wọ́n fi gbé ìgbànú náà fún Emile Griffith ní 1966 fa awuyewuye. Irú ìjà bẹ́ẹ̀, a kì í kà á sí ìpàdánù pátápátá, a kì í sì í sọ ọ́ di ìborí.

Ó wá ku ipò. Lọ́dọ̀ àwọn amòye, Tiger kò kéré, nítorí pé ní 1991 ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Òkìkí Ẹ̀ṣẹ́ Àgbáyé ní Canastota ní Amẹ́ríkà. Àsọdùn ni kí a wí pé gbogbo ayé fojú kéré rẹ̀. Láàárín àwọn ará ìta ni àfo wà. Ogun Biafra tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1967 pín àwọn tí ì bá máa kì í sí méjì. Ó dúró ti Biafra, ó dá oyè MBE padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, ó sì kú ní 1971 lọ́mọ ọdún 42, láì pẹ́ láyé tó láti máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀. Níhìn-ín tí a ti ń fi Faransé kàwé, Battling Siki ará Senegal, tó na Georges Carpentier ará Faransé ní Paris ní 1922, tó gba ìgbànú àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì pàdánù ìgbànú náà láàárín oṣù mẹ́fà, lè tètè wá sí ẹnu ju ọkùnrin tó jọba ní ìwọ̀n méjì, tó sì jà ní Ìbàdàn, ibi tí ọkọ̀ lè ti Kétu dé lọ́jọ́ kan.