Òkúta Ibojì Tí Ó Fún Àpáta Ní Orúkọ: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Charnockite

Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St John's ní ìlú Kolkata, ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé kékeré onígun mẹ́jọ kan wà tí wọ́n kọ́ sórí ibojì òyìnbó oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Job Charnock. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Charles Eyre, ni ó kọ́ ọ ní 1695. Ohun tí àwọn onímọ̀ òkúta fi ń dárúkọ ibẹ̀ títí di òní kì í ṣe ilé náà, kì í sì í ṣe òkú tí ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe òkúta pẹlẹbẹ kan tí ó dúdú, tí àwọ̀ ewé sì fara hàn díẹ̀ nínú dúdú rẹ̀, èyí tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ Látìn sí lára.

Ọ̀rọ̀ náà sọ pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Charnock, àti pé lẹ́yìn tí ó ti ṣe àtìpó pẹ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó padà sí ilé ayérayé rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1692. Àwa tí a ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, kò ní ṣàjèjì sí èrò yẹn. Ẹni tí ó bá ka ọdún náà ní láti ṣọ́ra ṣá, nítorí pé inú oṣù kẹta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọdún lásìkò yẹn, tí ó fi jẹ́ pé oṣù kìíní 1692 tiwọn bọ́ sí 1693 tiwa.

Òṣìṣẹ́ East India Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni Charnock. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1690 ni ó gúnlẹ̀ sí abúlé Sutanuti ní etí odò Hooghly, tí ó sì dúró síbẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ń pè é ní ẹni tí ó tẹ ìlú náà dó. Àwọn ọmọ ìlú kò gbà, ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ gíga Kolkata, ní 2003 ni ilé-ẹjọ́ náà sì dá a pé Charnock kọ́ ni ó tẹ ìlú wọn dó. Oyè yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n fi bo ibojì rẹ̀ ti fún un ní òmíràn tí ilé-ẹjọ́ kankan kò lè gbà.

Kò sí òkúta ní agbègbè Kolkata. Ẹrẹ̀ àti yanrìn tí odò Ganges ń kó wá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, tí ó jẹ́ pé bíríkì alámọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ òkúta tí yóò gba fínfín ní láti ránṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà Madras, tí a ń pè ní Chennai báyìí, ni òkúta Charnock ti wá. Lẹ́bàá ìlú náà ni òkè kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní St Thomas Mount, níbi tí àwọn Kristẹni ibẹ̀ gbà pé wọ́n ti pa àpọ́sítélì Tọ́másì. Àpáta òkè yìí àti ti Pallavaram tí ó wà nítòsí rẹ̀ bá òkúta ibojì náà mu, nínú àwọ̀ àti nínú èròjà.

Fún ọdún tí ó sún mọ́ igba, kò sí ẹni tí ó bi òkúta náà léèrè ohunkóhun. Thomas Henry Holland ni ó bi í. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ìjọba tí ń wádìí ilẹ̀ Íńdíà ní 1890, nígbà tí ó sì di 1893 ó kọ ìwé kan lórí òkúta ibojì Charnock nìkan. Ó rí i pé irú òkúta yìí kò tíì ní orúkọ láàárín àwọn onímọ̀, ó sì dábàá pé kí wọ́n máa pè é ní charnockite, láti fi bọlá fún ọkùnrin tí ó gbé èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ wá sí Kolkata, tí ó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà, láìmọ̀. Òkú ni ọkùnrin náà nígbà tí ó ń gbé e wá o, ìyẹn sì ni mo rò pé Holland fi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú gbólóhùn yẹn. Ní 1900 ó tẹ ìwé ńlá jáde, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé òkúta yìí ní ìdílé gbọọrọ káàkiri gúúsù Íńdíà.

Bí ènìyàn bá fọ́ charnockite, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni èèpo rẹ̀. Òjò àti oòrùn a máa sọ ara rẹ̀ lóde di àwọ̀ ìpẹtà, bí èèpo iṣu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tutù, ó dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì ń dán bí ohun tí wọ́n fi àdí pa. Ìdán bí ọlọ́ràá yìí ni àwọn tí ń rìn lórí àpáta fi ń dá a mọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwádìí. Nínú àwọn èròjà tí ó para pọ̀ di òkúta náà, feldspar ni ó pọ̀ jù, èyí tí ó máa ń funfun tàbí kí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú gíránáìtì tí a mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó gba àwọ̀ ewé níhìn-ín. Quartz rẹ̀, èròjà líle tí ó máa ń mọ́ bíi dígí, a máa ní àwọ̀ aró díẹ̀, nítorí pé ohun tín-ín-tín bí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Ọmọ irin, bíi magnetite àti ilmenite, wà káàkiri inú rẹ̀ bí iyọ̀ tí wọ́n wọ́n.

Èyí tí ó sọ ọ́ di charnockite gan-an ni hypersthene, èròjà kan tí ó ní irin àti magnesium nínú. Wọn a gé òkúta náà, wọn a sì lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan, kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Nígbà tí wọ́n bá ń yí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́, hypersthene a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, a tún di àwọ̀ ewé, a tún padà pọ́n, bí aṣọ ṣaasán tí ń yí àwọ̀ bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ṣe ń rìn.

Kí ni hypersthene ń wá nínú ohun tí ó jọ gíránáìtì tó báyìí? Gíránáìtì a máa ní omi nínú nígbà tí ó ṣì jẹ́ òkúta yíyọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi yẹn ni irin àti magnesium ń bá ṣe biotite, ìyẹn èròjà pẹlẹbẹ dúdú tí ń ṣí bí ewé ìwé, tàbí kí wọ́n bá a ṣe hornblende, èròjà dúdú mìíràn. Níbi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n, tí ooru sì le, biotite kò lè dúró. Òun àti quartz á para pọ̀, omi inú rẹ̀ á jáde, hypersthene àti feldspar ni yóò sì kù. Ọ̀dá ilẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí ooru ti tó 700 tàbí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí jíjìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 20 kìlómítà, ni ó bí òkúta yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kò dọ́gba lórí bí charnockite ṣe wáyé. Holland gbà pé iná ni ó bí i, pé òkúta yíyọ́ ni ó dì di charnockite. Àwọn mìíràn sọ pé òkúta àtijọ́ ni, tí ooru tún sè lẹ́ẹ̀kejì láìyọ́. Ní 1960, onímọ̀ ọmọ Íńdíà kan, C. S. Pichamuthu, kọ̀wé nípa ohun tí ó rí ní Kabbal, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Karnataka báyìí. Òkúta gneiss, irú èyí tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti yí padà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ni ó wà níbẹ̀, tí ó funfun lẹ́búlẹ́bú, tí ó sì ní ilà bí aṣọ òfì. Lára rẹ̀ ni àwọn ojú ibì kan ti di dúdú aláwọ̀ ewé, òmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ilà gneiss náà á sì wọ inú dúdú yẹn lọ títí tí yóò fi pòórá, gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń ràn lára aṣọ. Kò sí ohun tí ó yọ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Òkúta kan ń di òkúta mìíràn lójú ara rẹ̀ ni. Nígbà tí ó yá, láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí rí afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí a sé mọ́ inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ bí èéfín inú ìgò, wọ́n sì dábàá pé afẹ́fẹ́ yìí ni ó gun òkè wá láti ìsàlẹ̀ tí ó lé omi jáde. Èrò tèmi ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fi so ọmọ ìyá méjì tí baba wọn kò dọ́gba: èyí tí iná bí wà, èyí tí ooru tún sè náà sì wà.

Ìdílé náà tàn kálẹ̀. Ní 1936, onímọ̀ òkúta C. E. Tilley sọ irú rẹ̀ kan tí ó wá láti Enderby Land ní Antarctica ní enderbite, ilẹ̀ yìí àti Íńdíà sì ti fìgbà kan rí jẹ́ ara kan náà kí òkun tó là wọ́n. Ti Chennai ti tó nǹkan bí 2.5 bílíọ̀nù ọdún. Ó wà ní Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti ilẹ̀ wa kéré sí i púpọ̀, nítorí pé nǹkan bí 580 sí 630 mílíọ̀nù ọdún ni wọ́n kà fún un, lásìkò tí àwọn ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn tí wọ́n di ohun tí a mọ̀ sí Áfíríkà lónìí.

Ẹni tí ó bá ti rìn láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì ti rí i, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kì í sábà ga bí àwọn òkè gíránáìtì tí ó yọrí sókè ní Ìdànrè àti Ìkẹ́rẹ́. Ó máa ń ṣù róbótó-róbótó sílẹ̀ láàárín oko ni, bí ẹni pé wọ́n da ẹyin ńlá síbẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, inú gíránáìtì ni ó wà. Ní Ìjàrẹ́, etí gíránáìtì ni. Ní Ìjú, ó dá dúró láàárín gneiss. Níbi púpọ̀, hóró rẹ̀ tóbi, òun àti gíránáìtì sì jọ ń rìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò fi gbà pé ti Holland ni ó tọ́ níhìn-ín, pé iná ni ó bí i. Ní Bauchi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà, rí ìbátan rẹ̀ kan tí ó ní fayalite, èròjà onírin kan, nínú, ó sì sọ ọ́ ní bauchite láàárín àwọn ọdún 1960, tí ìlú kan ní Nàìjíríà fi wọ inú àkójọ orúkọ òkúta àgbáyé.

Àwọn tí ń ta òkúta kò ráyè gbogbo èyí. Gíránáìtì dúdú ni wọ́n ń pè é, tàbí gíránáìtì aláwọ̀ ewé, bí irú èyí tí wọ́n ń gé ní Varberg, ní Sweden. Ọ̀dá tí ó bí i náà ni ó mú kí ó dára fún dídán, nítorí pé biotite, tí ń ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ òkúta, kò pọ̀ nínú rẹ̀. Feldspar àti quartz le, wọ́n sì ń dán pọ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń di táìlì ilẹ̀, ojú ilé, àti òkúta ibojì.

Ní 1988, àwọn tí ń ṣètò orúkọ èròjà òkúta lágbàáyé pinnu pé kí wọ́n má lo hypersthene mọ́, pé kí wọ́n pín in sábẹ́ enstatite àti ferrosilite. Èròjà tí Holland fi dá òkúta náà mọ̀ pàdánù orúkọ rẹ̀ báyìí, àmọ́ charnockite ṣì ń jẹ́ charnockite, òkúta tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ sì wà lórí ibojì Charnock ní Kolkata, pẹ̀lú ọdún 1692 tí wọ́n fín sí i lára.