Ìlà kan lo pa rẹ́, ìlà 241 ló lọ: iṣẹ́ ọwọ́ ON DELETE CASCADE

Nínú dátábéèsì ilé ìtajà, tábìlì onibara ní id, tábìlì oda sì ní onibara_id. Foreign key ló so méjèèjì pọ̀: nọ́ńbà tí kò bá sí nínú onibara kò gbọdọ̀ wọ inú oda. Ẹni tó bá fẹ́ fi tipátipá tì í wọlé, PostgreSQL, ètò dátábéèsì kan, á já a kúrò pẹ̀lú kóòdù àṣìṣe 23503. 1452 ni ti MySQL, ètò dátábéèsì mìíràn.

Ìparẹ́ gan-an ni wàhálà. Bí oníbàárà tí a fẹ́ pa rẹ́ bá ṣì ní ọ́dà nílẹ̀, tí a kò sì fi ON DELETE sọ ohun tí kó ṣe, dátábéèsì á kọ̀ jálẹ̀. SET NULL á sọ onibara_id di òfìfo, ọ́dà á sì di aláìlólúwa. CASCADE ní tirẹ̀ á gbá gbogbo rẹ̀ lọ:

ALTER TABLE oda ADD FOREIGN KEY (onibara_id) REFERENCES onibara (id) ON DELETE CASCADE;

Bí tábìlì oja_oda (ọjà inú ọ́dà kọ̀ọ̀kan) náà bá fi CASCADE so mọ́ oda, òun náà á bá a lọ. Ká ní oníbàárà kan ní ọ́dà 40, tí ọjà márùn-ún sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìlà 241 ló pòórá (1 + 40 + 200). Ṣùgbọ́n DELETE 1 péré ni PostgreSQL máa kọ síta, torí ìlà inú tábìlì tí a dárúkọ nìkan ló ń kà. Nítorí náà, BEGIN, tó ń jẹ́ kí a ṣì lè dá iṣẹ́ padà, ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn DELETE, kí a fi SELECT count(*) wo iye tó kù nínú oda àti oja_oda. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ROLLBACK á dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ọjà inú ọ́dà kò lè dá dúró láìsí ọ́dà, CASCADE tọ́ sí i. Àkọsílẹ̀ owó tó wọlé kọ́ o; RESTRICT, tó máa ń kọ ìparẹ́, ni kí a fi há a mọ́lẹ̀.

Nígbà mìíràn ìparẹ́ á máa fà bí ìgbín, CASCADE ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi. InnoDB, ẹ́ńjìnì ìpamọ́ ti MySQL, máa ń ṣe index (atọ́ka fún ìwákiri kíákíá) sórí onibara_id fúnra rẹ̀, PostgreSQL kì í ṣe é. Láìsí i, gbogbo tábìlì oda ni yóò yẹ̀ wò látòkè délẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó ń pa rẹ́.

CREATE INDEX ON oda (onibara_id);

Ní SQLite, ètò dátábéèsì mìíràn, pípa ni foreign key máa ń wà bí a kò bá tan án. PRAGMA foreign_keys = ON; ni a ó kọ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí dátábéèsì. Bí a bá gbàgbé, oníbàárà á lọ, ọ́dà rẹ̀ á di ọmọ òrukàn, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan. PRAGMA foreign_key_check ló máa ń tú irú wọn síta.