Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Houston: ẹ mọ kóòtù tó ni ín kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Nínú gbogbo àwọn ará wa tó ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù ni ẹni tó ti sanwó. Ó rí ìwé náà, ẹ̀rù bà á, ó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó fi káàdì san owó ìtanràn láti lè bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Kò bọ́. Lábẹ́ òfin Texas, ẹni tó bá ti san owó yẹn, ìdálẹ́bi ni. Ẹ̀bi náà á wọ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ DPS, ilé-iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á rí i, iye tó ń san lórí ọkọ̀ sì lè gòkè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà tí ẹjọ́ náà ì bá fi túká pátápátá. Owó tó sáré san ló ti ọ̀nà yẹn pa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti etí títì. Bí ọlọ́pàá bá kọ tíkẹ́ẹ̀tì tán, á ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wa ni àwọn òbí ti kìlọ̀ fún pé a kì í fọwọ́ sí ìwé tí a ò tíì kà tán, nítorí náà àwọn kan máa ń kọ̀. Ẹ má kọ̀. Ìfọwọ́sí yẹn kò sọ pé ẹ jẹ̀bi. Ìlérí ni pé ẹ ó dá kóòtù lóhùn kí ọjọ́ tó wà lára ìwé náà tó kọjá. Ẹni tó bá kọ̀ ni wọ́n lè mú lọ sí àtìmọ́lé. Ẹ má sì na owó sí ọlọ́pàá. Mo mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí lójú ọ̀nà nílé, àmọ́ ní Texas, ọ̀ràn ńlá ni rìbá, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2 títí dé ọdún 20. Tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ dé irú ibẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo irú ọlọ́pàá tó kọ ọ́, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ kóòtù tó ni ẹjọ́ náà. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú Houston, kóòtù ìlú ni, Houston Municipal Court. Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́rífù Harris County, tàbí constable, ìyẹn ọlọ́pàá agbègbè nínú káúńtì, tàbí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní state trooper, kóòtù Justice of the Peace ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní JP. Kóòtù JP 16 ló wà ní Harris County: wọ́n pín káúńtì sí agbègbè 8, kóòtù méjì-méjì sì wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí Precinct, ìyẹn agbègbè, àti Place, ìyẹn kóòtù inú rẹ̀, lára tíkẹ́ẹ̀tì, bíi Precinct 5, Place 2. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni akọ̀wé Place 1, ọ̀tọ̀ ni ti Place 2. Missouri City àti Sugar Land, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, ní kóòtù ìlú tiwọn. Bó bá sì jẹ́ ṣẹ́rífù Fort Bend ló kọ ìwé náà, JP Fort Bend ni kí ẹ wá lọ.

Wíwá àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kò gba agbẹjọ́rò, kò sì gba owó. Ti JP Harris County wà ní jp.hctx.net, ti kóòtù ìlú wà lórí ìkànnì ìjọba ìlú Houston. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ló dára jù láti fi wá a. Bí ìwé bá ti sọnù, orúkọ ló kù, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń ṣòro fún àwa. Orúkọ wa gùn. Ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ lè gé Oluwafunmilayo sí àárín, ó lè fi lẹ́tà kan sílẹ̀ nínú Ogunbiyi, ó lè gbé orúkọ ìdílé sí ààyè orúkọ àbísọ. Obìnrin tó so orúkọ bàbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀ lè bá ọ̀kan péré nínú ìwé kóòtù. Nítorí náà, ẹ má ṣe wá a lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sọ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ yí orúkọ padà síwá sẹ́yìn, ẹ gbìyànjú rẹ̀ bí ó ṣe wà lára láísẹ́ǹsì, kí ẹ sì fi ọjọ́ ìbí dá a mọ̀, torí Adeyemi pọ̀ ní Houston. Bí ẹ kò bá ṣì rí i, ẹ pe akọ̀wé kóòtù. Àìrí orúkọ lórí ẹ̀rọ kò sọ pé ẹjọ́ ti parí. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá sì wọ fóònù yín pé kí ẹ tẹ líǹkì kan tàbí kí ẹ ra gift card kí wọ́n má baà mú yín, jìbìtì ni.

Èsì mẹ́ta ni kóòtù ń retí: mo jẹ̀bi, mi ò jẹ̀bi, tàbí no contest, èyí tó jẹ́ pé ẹ kò jiyàn, ẹ kò sì jẹ́wọ́. Fún eré àsápajúdé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni kíláàsì defensive driving, ẹ̀kọ́ nípa fífi ìṣọ́ra wakọ̀. Bí láísẹ́ǹsì Texas yín bá dára, tí ìnṣọ́ránsì yín wà láàyè, tí ẹ kò tíì lo kíláàsì yìí fún tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn láàárín oṣù 12, òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ sí i. Kì í ṣe ojúure adájọ́. Ẹ ó fi no contest tàbí mo jẹ̀bi béèrè rẹ̀, ẹ ó san owó kóòtù, ẹ ó sì ní ọjọ́ 90 láti parí rẹ̀ kí ẹ sì kó ìwé ẹ̀rí àti àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ yín wá. Ẹjọ́ á túká. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ọjọ́ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tó kọjá. Ẹ̀tọ́ yìí kò sí fún ẹni tó fi máìlì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye tí wọ́n kọ sójú ọ̀nà, tàbí tó sá máìlì 95 ní wákàtí kan, tàbí tó ṣẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tún títì ṣe.

Bí ẹ kò bá lè lo ìyẹn, ẹ béèrè deferred disposition. Adájọ́ á fún yín ní àkókò, kò lè ju ọjọ́ 180, pé kí ẹ má gba tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn; bí ẹ bá pa á mọ́, ẹjọ́ á túká. Ọwọ́ adájọ́ lèyí wà. Ẹni tó bá sọ pé òun kò jẹ̀bi lè béèrè fún adájọ́ nìkan tàbí aráàlú mẹ́fà tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò sì mú ẹ̀rí wá. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ti ìnṣọ́ránsì, tí tiyín sì wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n dá yín dúró, ẹ gbé ẹ̀rí lọ, wọ́n á fagi lé e. Èyí tí ẹ rà lọ́jọ́ kejì kò lè gbà yín.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹni tó ní CDL, láísẹ́ǹsì àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá ṣiṣẹ́, kò lè lo kíláàsì, kò lè lo deferred, kódà bó jẹ́ mọ́tò ara rẹ̀ ló ń wà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló fà á. Owó tí ẹ bá san wéré yẹn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó dáhùn.

Ẹni tí ọjọ́ ti kọjá fún, kí ó má sá pamọ́. Láti ọdún 2017, òfin Texas ní kí kóòtù kọ́kọ́ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ kí ó tó buwọ́ lu wáráǹtì fún ẹni tí kò wá, àmọ́ àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà ń lọ bí ẹ kò bá sọ pé ẹ ti kó. Kóòtù lè dí yín lọ́nà pẹ̀lú láti sọ láísẹ́ǹsì yín dọ̀tun. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá láti yanjú ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú un, òfin fẹ́ kí wọ́n fagi lé wáráǹtì náà.

Bó bá jẹ́ owó ni kò sí, ẹ sọ fún adájọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an, torí Houston gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Owó ìtanràn Preston Tate lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ di $425, kò rówó san, kóòtù ìlú wá rán an lọ sí oko ẹ̀wọ̀n fún ọjọ́ 85, $5 fún ọjọ́ kan. Ní 1971, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà sọ pé kò tọ́ láti sọ owó ìtanràn di ẹ̀wọ̀n kìkì nítorí pé èèyàn jẹ́ tálákà. Lónìí ẹ lè béèrè láti máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dín in kù, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ ìlú dípò, níbi tí wákàtí 8 ti dúró fún $100 ó kéré tán.

Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ ni. Ẹ má gbé ọmọ yín lọ láti túmọ̀ fún yín.

Bí ẹjọ́ bá ti parí, ẹ padà sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù kan náà, ẹ gba ìwé àbájáde ẹjọ́ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, ọ̀kan fún tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù N-400 tí a fi ń béèrè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń bi yín bóyá wọ́n ti mú yín tàbí kọ ìwé ẹ̀sùn fún yín rí. Ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè dé kóòtù kó bá a pé wọ́n ti palẹ̀ ìwé náà mọ́, torí wọn kì í tọ́jú ẹjọ́ kékeré títí ayé. Ẹ gba tiyín nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà yín.