Alsatian ni àbí Boerboel? Ohun tó yẹ kí òbí rò kó tó ra ajá

"Dókítà, nínú Alsatian àti Boerboel, èwo ni kí n rà?" Kò sí ìbéèrè tí àwa dókítà ẹran ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí tó èyí. Ẹni tó ń béèrè sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé ara rẹ̀, tó ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ò tíì dàgbà, tí àwọn olè sì ń yọ àdúgbò rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń wá ajá tí yóò máa bá àwọn ọmọ ṣeré lójú ọ̀sán, tí yóò sì máa lé olè lóru. Kò burú. Àmọ́ tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ajá, èyí tí orí rẹ̀ tóbi jù lojú rẹ̀ máa ń lọ sí.

Èmi kì í dáhùn ìbéèrè yẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbéèrè mìíràn ni mo fi ń dá wọn lóhùn: láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, ta ló máa wà nílé pẹ̀lú ajá yìí? Bí bàbá bá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí màmá wà níbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ wà ní lẹ́sìn títí di ìrọ̀lẹ́, tó wá jẹ́ pé inú kéèjì ni ajá náà máa wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ má ra ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ fi owó náà ra wáyà sórí fẹ́ǹsì. Ajá tó ń lo ayé rẹ̀ nínú kéèjì kì í ṣe ajá ilé, iye yòówù kí ẹ rà á.

Tí ẹnì kan bá wà nílé, a lè wá sọ̀rọ̀.

Alsatian, tí ẹ máa ń rí tí wọ́n kọ ọ́ sí German Shepherd lára àpò oúnjẹ ajá, ajá darandaran ni. Ọdún 1899 ni Max von Stephanitz, ọ̀gá ológun ẹlẹ́ṣin kan ní Jámánì, dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìran ajá náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe ni kó máa yí agbo àgùntàn ká látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí wọ́n má bàa wọ oko olóko, kí etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ìwà tó ń hù nínú ilé yín kò yà kúrò lórí iṣẹ́ yẹn. Kì í fẹ́ dá wà. Ẹ wọ kíṣìnì, ó tẹ̀ lé yín. Ẹ wọ balùwẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ wọ̀ ọ́ lórí. Tí àwọn ọmọ bá sì ń sáré kiri àgbàlá, á fẹ́ kó wọn jọ bí àgùntàn, á máa fi eyín kan gìgísẹ̀ wọn, pàápàá nígbà tó bá ṣì kéré. Ọmọ ọdún mẹ́rin á figbe ta pé ajá bu òun jẹ. Kì í ṣe ìkà, iṣẹ́ ló ń ṣe. Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dàgbà: ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n dúró gbọin tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin sì fi ohun ìṣeré sí i lẹ́nu.

Tí Alsatian kò bá ríṣẹ́ ṣe, á wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń tì mọ́lé, ẹ ó rí i tó ń pòòyì lójú kan náà nínú kéèjì, tàbí tó ń lá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan ṣoṣo títí irun ibẹ̀ á fi tán, tí ojú ibẹ̀ á sì di egbò tí kì í jinná. Ìpara ni àwọn tó ni ín ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ìrìn wákàtí kan lójoojúmọ́ ni mo ń kọ fún wọn: ní ìdájí kí oòrùn tó mú, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá ti tutù. Irun ara rẹ̀ nípọn, ajá kì í sì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara. Ibòji àti omi tútù kò gbọdọ̀ wọ́n ọn. Irun yẹn tún máa ń ré káàkiri ilé látòpin ọdún dé òpin ọdún, nítorí náà, kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée rò ó dáadáa.

Ti Boerboel yàtọ̀. Gúúsù Áfíríkà ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Boer, tí oko wọn jìnnà síra. Ọdún 1983 ni àwọn tó ń sìn ín níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ìran rẹ̀ má bàa parẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró ti ilé àti ẹran ọ̀sìn, kí ẹranko búburú tàbí àlejò tí wọn ò pè má ṣe sún mọ́ ọn. Kì í gbó lásán. Ó lè sùn sí fàráńdà látàárọ̀ dọ̀sán láìda ẹnikẹ́ni láàmú, irun rẹ̀ kúrú, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò kóòmù. Àwọn ọmọ tó bá bá dàgbà nínú ilé, ó lè kú lé wọn lórí. Kì í ṣe ọmọ yín ni mo ń bẹ̀rù fún. Ọmọ ẹlòmíì ni.

Ilé wa kì í ṣe oko Boer. Ìyá àgbà á ti Ọ̀yọ́ dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ lẹ́sìn á wọlé ní aago mẹ́rin. Ẹni tó ń ta gáàsì á gbé sílíńdà dé ẹ̀yìn kíṣìnì, àwọn ọmọ àdúgbò á fo fẹ́ǹsì nítorí bọ́ọ̀lù, ọjọ́ ìbí á dé, ogún ọmọ á kún àgbàlá. Lójú Boerboel, gbogbo àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara wọn. Tí ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò bá sì ń jìjàkadì ṣeré, tí tiyín wá kígbe, ajá yìí lè má mọ̀ pé eré ni. Alsatian náà lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ Alsatian akọ kì í sábà ju kílò 40 lọ, abo rẹ̀ sì wà láàárín 22 sí 32. Boerboel tó bá dàgbà dáadáa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kílò 50, àwọn akọ mìíràn ń lọ sí 80. Ta nínú ilé yín ló lè di okùn rẹ̀ mú tó bá rí ewúrẹ́ lójú títì? Bó bá jẹ́ bàbá nìkan ni, a jẹ́ pé bàbá ló ni ajá, kì í ṣe ẹbí. Denmark ti fòfin de Boerboel láti ọdún 2010. Èmi ò gbà pé ajá burúkú ni. Ohun tí mo gbà ni pé kì í ṣe ajá tí ènìyàn fi ń kọ́ bí a ti ń sin ajá.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣírò iye tí wọ́n fẹ́ ra ajá, wọn ò ṣírò iye tí yóò máa jẹ. Ìwọ̀n kílò la fi ń pín oògùn aràn, oògùn eégbọn àti oògùn oorun tí a fi ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ajá tó wúwo ní ìlọ́po méjì á gba oògùn ìlọ́po méjì, àwo oúnjẹ rẹ̀ náà kò sì ní kéré. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán kò tó ọmọ Boerboel. Ó nílò ẹran, ẹja tàbí ẹyin dáadáa, tàbí oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ńlá. Ẹ má fi ọbẹ̀ alálùbọ́sà lé e lọ́wọ́, àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n bínú díẹ̀ níbí. Ìgò calcium tí àwọn tó ń ta ajá máa ń fi sọwọ́ yín pé "kí egungun rẹ̀ lè le" ń ba ọmọ ajá ńlá jẹ́. Bí calcium bá pọ̀ jù fún un, egungun á hù gbúgbù, ẹsẹ̀ á wọ́. Ìyẹn kan náà ni sísanra tí wọ́n ń fi yangàn: kí ọmọ ajá ńlá tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, kí ọwọ́ yín lè máa ba egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, ló dára fún oríkèé ìbàdí rẹ̀. Irú ajá méjèèjì ló ní àrùn oríkèé ìbàdí tó ń tẹ̀ lé ìran. Èyí tó ní in máa ń ṣòro fún láti dìde láàárọ̀, tó bá ń sáré á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro.

Àyà àwọn méjèèjì tún jìn, ìyẹn ló jẹ́ kí inú wọn lè wú lójijì kó sì lọ́ po. Ikùn á le gbagidi, ajá á máa gbìyànjú àtibì, itọ́ nìkan lá máa jáde. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má dúró di àárọ̀. Wákàtí díẹ̀ ló kù, iṣẹ́ abẹ ló sì máa gbà á. Kí ó má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ pín oúnjẹ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹ sì má jẹ́ kó sáré lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Eégbọn kì í dá ẹnikẹ́ni sí, àmọ́ àrùn ẹ̀jẹ̀ tó ń kó ran ajá sábà máa ń dá Alsatian dùbúlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ibà, erìgì tó funfun, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nímú: ẹ má fi parasitámọ́ọ̀lù tọ́jú rẹ̀, ẹ gbé e wá. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ gún un ní ivermectin, oògùn aràn àti kòkòrò ara, èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù. Àwọn Alsatian kan wà tí wọ́n bí àbùkù kan mọ́ tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ wọn lè ti oògùn náà sẹ́yìn tó bá pọ̀. Ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, itọ́ á máa dà, ojú lè fọ́, ó sì lè kú.

Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń tà, ìyá ajá ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ rí i, ẹ máa bọ̀. Ìyá tó ń fẹ́ ya èèyàn jẹ lẹ́yìn irin, tó sì ń gbọ̀n tí olówó rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, ń sọ bí àwọn ọmọ ṣe máa rí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọmọ ajá náà sórí itan, ẹ ká ètè rẹ̀ sókè: kí erìgì pupa rẹ́súrẹ́sú. Tó bá funfun, eégbọn tàbí aràn ti fà á lẹ́jẹ̀. Ẹ wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí. Ẹ gbé ìrù sókè kí ẹ rí i pé ìgbẹ́ gbuuru kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá gbé e sílẹ̀, kí ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó ta gìrì, tó tún padà wá gbóòórùn kọ́kọ́rọ́ náà, ni kí ẹ mú. Èyí tó sá wọ kọ̀rọ̀ tí kò jáde mọ́ á ṣòro fún ilé tó ní ọmọdé. Kó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí wọ́n tó kọ́ ọ̀wọ̀ lára ìyá wọn.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ajá ń pinnu ohun tí kò ní máa bẹ̀rù láyé rẹ̀. Nítorí náà, tó bá délé, ẹ gbé e mọ́ra kó rí onígèlè, onírùngbọ̀n, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀, ọmọ tó ń sunkún, arúgbó tó ń tọ̀pá. Ẹni tó bá tì í mọ́lé lásìkò yìí "kó lè burú" ti sọ owó rẹ̀ nù, pàápàá lórí Boerboel.

Ìdájọ́ mi rèé. Tó bá jẹ́ ajá àkọ́kọ́ yín nìyí, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sì wà nílé, abo Alsatian ni kí ẹ mú. Boerboel wà fún ẹni tó ti sin ajá rí, tó ní àgbàlá tó fẹ̀, fẹ́ǹsì tó ga, géètì tó ń tì, àti àgbàlagbà méjì ó kéré tán tí ajá náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ajá ìbílẹ̀ wa, tí ẹ̀ ń pè ní lókà tí ẹ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, lè jẹun díẹ̀, lè fara da oòrùn, á sì jí yín tí olè bá dé. Mo máa ń dábàá rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ajá yòówù tí ẹ bá fi ọmọ kékeré tì láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ń ta tẹ́tẹ́ ni. Kí ọmọ má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń sùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a ó máa tún un gún lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ti dígbòlugi ń wọlé ní oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Tí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ má fi epo pupa tàbí ata sí i, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí dígbòlugi bá ti fi ara hàn lára èèyàn, ikú ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń ta ajá kò ní bi yín. Bí ọmọ ajá kan bá ti yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kú nínú àgbàlá yín láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń ràn láàárín àwọn ọmọ ajá, ló pa á, kòkòrò àrùn náà sì lè wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ di ìsinsìnyí. Ọṣẹ lásán kì í pa á. Ẹ po bílíìsì mọ́ omi, kí ẹ fi fọ gbogbo ibi tó jẹ́ sìmẹ́ńtì, kí ẹ ju àwo àti ibùsùn ajá tó kú náà nù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ èyí tuntun kan iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá náà títí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ á fi pé.