Awuyewuye lórí owó ìmúgbòòrò pápákọ̀ òfurufú ìlú

Awuyewuye lórí owó ìmúgbòòrò pápákọ̀ òfurufú ni àríyànjiyàn tó máa ń wáyé láàárín ìjọba, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, àwọn ayánilówó àti ará ìlú nígbà tí ìlú kan bá fẹ́ fi ojú ọ̀nà bàálù tuntun tàbí gbọ̀ngàn èrò kún èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ibi tí owó náà yóò ti wá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jiyàn lé lórí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wúwo jù níbẹ̀ ni ti ẹni tí gbèsè yóò já lé lórí bí àwọn arìnrìnàjò tí wọ́n ń retí kò bá pọ̀ tó.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ńlá ti jẹ́ ti ìjọba ìlú tàbí ti àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀, bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, ni wọ́n sábà máa ń tà fún àwọn tó fẹ́ yáni lówó. Owó ìbalẹ̀ bàálù, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n sì fi ń san án padà pẹ̀lú èlé. Láti ọdún 1990 ni òfin ti gbà wọ́n láyè láti máa bu owó kan lé tíkẹ́ẹ̀tì arìnrìnàjò, òfin ọdún 2000 sì fi gbèdéke rẹ̀ sí dọ́là 4.50 fún ìwọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn alákòóso pápákọ̀ ti ń béèrè tipẹ́ pé kí wọ́n gbé gbèdéke yìí sókè, nítorí iye tí wọ́n fi ń kọ́lé ti yàtọ̀; àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní yóò sọ ìrìnàjò di ọ̀wọ́n. Òfin àpapọ̀ mìíràn tún ká ìlú lọ́wọ́ kò láti kó owó tí pápákọ̀ bá pa lọ sí ibòmíràn. Nítorí náà, àtakò tí a máa ń gbọ́ lemọ́lemọ́, pé irú owó bẹ́ẹ̀ ì bá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-ìwòsàn, kì í bá òfin ibẹ̀ mu bí kò bá jẹ́ owó orí ni wọ́n fẹ́ ná.

Ní Yúróòpù, ìjọba kò lè da owó sí pápákọ̀ bó ṣe wù ú. Ní ọdún 2012, nínú ẹjọ́ pápákọ̀ Leipzig/Halle ní Jámánì, ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òwò ni kíkọ́ ojú ọ̀nà bàálù, àti pé owó ìjọba tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin tó de ìrànwọ́ fún àwọn oníṣòwò. Ìlànà ọdún 2014 wá gbà kí pápákọ̀ tí arìnrìnàjò rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan lọ́dún rí tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ gbà. Ìdá yìí ń dínkù bí arìnrìnàjò ṣe ń pọ̀ sí i, èyí tó bá sì ju mílíọ̀nù márùn-ún kì í rí nǹkan gbà àfi ní ipò àrà ọ̀tọ̀.

Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé owó aládàáni kì í pa awuyewuye. Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ tó ni pápákọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ìlànà fún ojú ọ̀nà kẹta ní oṣù kẹfà 2018, pẹ̀lú ìbò 415 sí 119, àwọn alátìlẹ́yìn tẹnu mọ́ ọn pé pápákọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wá owó iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bí owó tí Heathrow ná sórí dúkìá rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iye tí àjọ alámòójútó ń gbà á láyè láti bù fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣe ń pọ̀ tó, orí arìnrìnàjò ni yóò sì já lé níkẹyìn. Ìdí nìyí tí IAG, tó ni British Airways, fi ń ta ko iye tí iṣẹ́ náà yóò ná wọn. Ẹni tí yóò sanwó títì àti reluwé tó wọ pápákọ̀ náà tún jẹ́ àríyànjiyàn ọ̀tọ̀.

Níbòmíràn, ará ìlú ló dìbò sí i. Ìjọba Bavaria, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì, ló ni ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún pápákọ̀ Munich, ìjọba àpapọ̀ ní 26, ìlú Munich sì ní 23. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2012, ìdá 54.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Munich kọ ojú ọ̀nà kẹta, ìlú tí ìpín rẹ̀ kéré jù sì ti ipa bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ náà dúró. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn ará Freising, ìlú ẹ̀bá pápákọ̀ náà tí ariwo bàálù ń bá gbé, kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò náà.

Àpẹẹrẹ Denver ní Amẹ́ríkà kò rọrùn láti fi ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Àwọn olùdìbò fọwọ́ sí pápákọ̀ tuntun ní 1989. Ẹ̀rọ ìkẹ́rù tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó fà á tí wọn kò fi ṣí i títí di oṣù kejì 1995, owó rẹ̀ sì gùn dé bílíọ̀nù 4.8 dọ́là. Lónìí, ó wà lára àwọn pápákọ̀ tí èrò ń wọ́ tọ̀ jù lọ láyé. Pápákọ̀ Mirabel ní ẹ̀bá Montréal ní Kánádà, tí wọ́n ṣí ní 1975 lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kò rí èrò tí wọ́n retí, bàálù èrò sì dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní 2004.

Ti Mexico City ló fi ọ̀rọ̀ gbèsè hàn kedere jù. Bọ́ǹdì bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ni wọ́n tà fún pápákọ̀ tuntun ní Texcoco, wọ́n sì fi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ arìnrìnàjò ní pápákọ̀ àtijọ́, Benito Juárez, ṣe ìdúró rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò ìmọ̀ràn oṣù kẹwàá 2018, ìjọba Andrés Manuel López Obrador, tó di ààrẹ Mexico lọ́dún náà, fagi lé iṣẹ́ náà. Wọ́n ra bọ́ǹdì bílíọ̀nù 1.8 padà, ṣùgbọ́n bílíọ̀nù 4.2 ṣẹ́ kù nílẹ̀, owó àwọn tó ń gba Benito Juárez kọjá ni wọ́n sì fi ń san gbèsè pápákọ̀ tí wọn kò kọ́ parí.